Nana Asma'u, Ìyá Ìmọ̀ ní Sókótó

Láti 2013 tí ìjọba Ọ̀ṣun ti pín ẹ̀rọ Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ni a ti ń gbọ́ àríyànjiyàn kan náà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà: ṣé ohun tí ọmọ ń tẹ̀ lójoojúmọ́ yìí ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ni, àbí ó ń bà á jẹ́? Lójú tiwa, ìtàn Nana Asma'u bá ọ̀rọ̀ náà mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí iná mànàmáná rí títí ó fi kú.

Ní 1793 ni wọ́n bí òun àti Hassan, ìbejì rẹ̀, ní Degel, ilẹ̀ Gobir. Ṣéù Usman dan Fodio ni bàbá wọn. Ṣéù yìí bá àwọn àáfà ìgbà rẹ̀ wí nínú ìwé rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéú, wọ́n sì ń fi aya àti ọmọbìnrin tiwọn sílẹ̀ nínú àìmọ̀. Asma'u há Al-Kùránì sórí. Ó gbọ́ Lárúbáwá, Fúlàní, Haúsá àti èdè àwọn Tuareg.

Kì í ṣe inú ìdẹ̀ra ló ti kọ́ ọ. Ọmọ ọdún bíi 11 ni nígbà tí ẹbí rẹ̀ ṣe híjírà kúrò ní Degel ní 1804. Inú ogun àti ìrìn-àjò ló ti di wúńdíá, ní nǹkan bí 1807 ló sì di aya Gidado, tí ó padà di Wàsírì Sókótó. Ìgbéyàwó kò dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró.

Ọ̀nà kan tí ó fi ń kéwì dùn mọ́ wa púpọ̀. Takhmis ni wọ́n ń pè é: akéwì á mú ewì ẹlòmíràn tí ó jẹ́ ìlà méjì-méjì, á fi ìlà mẹ́ta tirẹ̀ kún un kí ó lè di márùn-ún. Asma'u ṣe é sí ewì bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ ìwòyí tí ń fi ohùn tiwọn lé orin ẹlòmíràn lórí fóònù lè rò pé àwọn ló dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ewì náà kò bá yé, àṣírí rẹ̀ á tú láti ìlà kìíní.

Ní nǹkan bí 1838, ó dá ẹgbẹ́ Yan Taru sílẹ̀ fún àwọn obìnrin abúlé tí kò lè fi oko àti ọmọ sílẹ̀ wá kéú. Àwọn ìyá tó ti kọjá ọjọ́ orí ìbímọ àti àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì wọlé ọkọ ló ń rìn lọ bá a, olórí wọn, jaji, á ṣíwájú. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á há orin sórí, wọ́n á béèrè títí yóò fi yé wọn, kí wọ́n tó gbé e lọ sí abúlé. Haúsá ń pe orin ní waka. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń kọ wákà níbi wọ́lìmọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà to orúkọ àwọn súrà Al-Kùránì. Òmíràn sọ ìtàn ogun Ṣéù. Iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ́kù dòní lé ní 60.

Kò sí jaji tí ń gbé ohun tí kò yé e kiri. Àwa tí a ń kọ èyí mọ iye hádíìsì aláìlórísun tí àwa náà ti tari sórí WhatsApp.

Malfa, fìlà koríko, ni àmì jaji. Ní Gobir tẹ́lẹ̀, olórí àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn bori ló ń dé e. Asma'u kò dáná sun ún. Ó ní kí wọ́n wé aṣọ pupa mọ́ ọn, ó sì gbé e lé orí olùkọ́ Ìsìláàmù. Àwọn tí wọ́n ní fóònù jẹ́ haráàmù pátápátá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ibí yìí kà.

Ó kú ní 1864. Àbúrò rẹ̀, Maryam, ló tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ náà, Yan Taru sì wà dòní. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí kan ní Amẹ́ríkà pàápàá ti dá ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ náà sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín, kí Ó fi Alujánà kẹ́ ẹ.