Claude Ake: Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Kọ̀wé Fipò Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọléèwé ẹlẹgbẹ́ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake ló kàn lọ́tẹ̀ yìí. Omoku, ní ìpínlẹ̀ Rivers, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1939, àmọ́ Èkó níbí ló ti lọ sí King's College. Ẹ wọ BRT l'Ónípanu, ẹ sọ̀ ní TBS, ẹ ó rí iléèwé náà. Ó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn àti London, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia, l'Ámẹ́ríkà, lọ́dún 1966. Ó kọ́ni níbẹ̀, ó kọ́ni ní Kánádà, Kẹ́ńyà àti Tanzania, kó tó wálé sí Yunifásítì Port Harcourt.

Kí ló ń wádìí gan-an? Ìdí tí ìṣèlú wa fi máa ń di ogun ni. Bí ìbò bá dé tí jàǹdùkú gbòde, àwa a ní iṣẹ́ àwọn ọmọ ìta ni. Ní ti Ake, gbòǹgbò ẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ipá làwọn òyìnbó amúnisìn fi jọba lé wa lórí. Nígbà tí wọ́n lọ, àwọn tiwa kàn jókòó sórí àga yẹn ni, wọn ò tún un kàn. Ẹni tó bá wọlé ló kó gbogbo ẹ̀, ẹni tó bá fìdí rẹmi, òfo ni tiẹ̀. Ta ló máa wá gbà kóun fìdí rẹmi wọ́ọ́rọ́wọ́? Ó rí i pé òwò epo Niger Delta náà ti di ohun tí wọ́n ń fìbọn ṣọ́.

Lọ́dún 1995, Shell àtàwọn ilé iṣẹ́ epo míì gbówó kalẹ̀ fún ìwádìí lórí ilẹ̀ àti omi Niger Delta. Ake wọ ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹ̀. Àwọn kan lè ní kò yẹ kó gbà, àmọ́ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tún ilẹ̀ náà ṣe, ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀? Ní 10 November, ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àtàwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ míì ní Port Harcourt. Inú oṣù yẹn náà ni Ake kọ̀wé fipò sílẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù àtilanu. Ìlú kan náà tí wọ́n ti yẹgi yẹn ni ilé ìwádìí tó dá sílẹ̀ wà o! Lójú tèmi, lẹ́tà yẹn wúwo ju ọ̀pọ̀ ìwé ńlá lọ.

Ní 7 November, 1996, ọkọ̀ òfurufú ADC gbéra ní Port Harcourt, ó ń bọ̀ l'Ékòó. Ìtòsí Ejìnrin, lápá Ẹ̀pẹ́, ló já sí. Èèyàn 144 ló wà nínú ẹ̀, ẹnì kan ò yè. Ake wà lára wọn, ẹni ọdún 57. Ìwé ẹ̀, The Feasibility of Democracy in Africa, ọdún 2000 ló tó jáde.