Andrew Fuller: Ẹni tí Ó Kọ́ Wa Pé Kí A Pe Ẹlẹ́ṣẹ̀

Ibi Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 37:4, Jòhánù 5:40, 6:37, 44, Róòmù 5:12–21, 1 Tímótì 1:15

Kókó Ẹ̀kọ́: Ẹ̀ṣẹ̀ ti ba ọkàn ènìyàn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ wá sọ́dọ̀ Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, Ọlọ́run ń pe gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó bá sì kọ̀ kò ní àwíjàre.

Orúkọ Andrew Fuller kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti ka ìtàn àwa Onítẹ̀bọmi. Òun ni ó dúró sílé tí ó ń wá owó àti àdúrà fún William Carey nígbà tí Carey lọ wàásù ní ilẹ̀ Íńdíà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó lè rán Carey, ìbéèrè líle kan wà láti dáhùn. Bí ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù bá ti sọ gbogbo ènìyàn di òkú nípa ti ẹ̀mí, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a sọ fún ẹlẹ́ṣẹ̀ pé kí ó ronú pìwà dà? Ọdún púpọ̀ ni Fuller fi wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Ọmọ Àgbẹ̀ ní Soham

A bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1754 ní abúlé Wicken, ní agbègbè Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, wọ́n kó lọ sí Soham, wọ́n sì ń lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi ibẹ̀. John Eve ni olùṣọ́-àgùntàn wọn. Ó wà lára àwọn oníwàásù ìgbà náà tí wọ́n gbà pé, níwọ̀n bí ènìyàn ti kú nínú ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí, kò yẹ kí a máa rọ ẹlẹ́ṣẹ̀ láti gba Jésù gbọ́. Lójú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ rí àmì nínú ara rẹ̀ pé Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ nínú òun, kí ó tó ní ẹ̀tọ́ láti tọ Olùgbàlà lọ.

Nígbà tí Fuller di ọmọ ọdún bíi mẹ́rìnlá, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Ó sunkún, ó pinnu láti yí padà, ó sì tún ṣubú. Ó ń wá àmì, kò rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1769, ó rántí Ẹ́sítérì tí ó wọlé tọ ọba lọ láìjẹ́ pé a pè é. Ó pinnu pé òun náà yóò sá tọ Jésù lọ, bí òun yóò bá tilẹ̀ ṣègbé. Kò ṣègbé, ọkàn rẹ̀ rí ìsinmi. Lẹ́yìn náà ni ó wá yé e pé kò yẹ kí òun ti bẹ̀rù bí ẹni tí a kò pè, nítorí pé ìpè Ọlọ́run ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ bọmi ní oṣù Kẹrin ọdún 1770.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀mùtí Tí Ó Da Ìjọ Rú

Ní ọdún yẹn kan náà, ọmọ ìjọ kan mu ọtí àmupara. Fuller, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lọ bá a wí. Ọkùnrin náà dáhùn pé òun kò ní agbára láti pa ara òun mọ́. Èsì yìí kò tẹ́ Fuller lọ́rùn, nítorí ó rí i pé ọkùnrin náà ti sọ àìlera ènìyàn di ibi ìsápamọ́ sí.

Ìjọ yọ ọ̀mùtí náà lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn Eve sọ pé ènìyàn lè fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí ó hàn gbangba, bí kò tilẹ̀ lè ṣe rere ti ẹ̀mí fúnra rẹ̀. Àwọn kan takò ó gidigidi. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Eve fi ìjọ sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1771. Fuller fúnra rẹ̀ di olùṣọ́-àgùntàn ìjọ náà ní ọdún 1775, síbẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń bà á láti pe ẹlẹ́ṣẹ̀ láti orí àga ìwàásù.

Oríṣi Àìlè-ṣe Méjì

Ó padà sí inú Bíbélì. Ó tún ka ìwé tí Jonathan Edwards ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ nípa ìfẹ́-inú ènìyàn, èyí tí ó jáde ní ọdún 1754 tí a bí Fuller gan-an. Ó wá yé e pé oríṣi méjì ni àìlè-ṣe. Ísákì kò lè ríran ní ọjọ́ ogbó nítorí pé ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn arákùnrin Jósẹ́fù kò lè bá a sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ahọ́n wọn kò yadi. Ìkórìíra ni ó kún inú wọn. Irú àìlè-ṣe kejì yìí ni ti ẹlẹ́ṣẹ̀. Ibì kan nínú Ìhìn Rere Jòhánù sọ pé ènìyàn kò lè wá bí Baba kò bá fà á; ibòmíràn sọ pé wọn kò fẹ́ wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Àwa Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó sùn àti apirọrọ. Etí apirọrọ dá ṣáká, síbẹ̀ òun ni ó ṣòro jù láti jí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Fuller fi ojú kékeré wo ẹ̀ṣẹ̀. Ó gbà pé ọkàn tí kò fẹ́ kò ní fẹ́ láé, àfi bí Ẹ̀mí Mímọ́ bá ṣí i, gẹ́gẹ́ bí Ó ti ṣí ọkàn Lìdíà. Ṣùgbọ́n ó rí i pé àìfẹ́ kì í ṣe àwíjàre. Òun gan-an ni ẹ̀bi.

Ní ọdún 1785, lẹ́yìn tí ó ti lọ sí ìjọ Kettering ní 1782, ó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti inú 1 Tímótì 1:15 ni ó ti mú àkọlé rẹ̀. William Button bá a jà pé ó fún ẹlẹ́ṣẹ̀ ní ojúṣe tí ó pọ̀ jù. Dan Taylor láti apá kejì sọ pé kò tíì lọ jìnnà tó.

Iṣẹ́ àti Ìbànújẹ́

Bí ó bá jẹ́ ojúṣe gbogbo ènìyàn láti gba Kristi gbọ́, ojúṣe ìjọ ni láti sọ fún wọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1792, àwọn ènìyàn díẹ̀ pàdé ní Kettering, wọ́n dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì sílẹ̀, wọ́n sì ṣe ìlérí pọ́ùn 13, ṣílè 2 àti pẹ́nì 6. Wọ́n fi Fuller ṣe akọ̀wé. Kò tíì pé oṣù méjì tí ìyàwó rẹ̀, Sarah, kú lẹ́yìn àìsàn tí ó da orí rẹ̀ rú. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni ó kú ní kékeré. Robert, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ya ìyàkuyà. Bàbá rẹ̀ ń kọ lẹ́tà sí i, ó ń rọ̀ ọ́ pé kí ó yí padà, títí Robert fi kú lójú òkun ní 1809. Fuller kò jókòó kí ó máa dúró de àmì nínú ọmọ rẹ̀ kí ó tó pè é.

Carey lọ ní 1793. Ọdún méje ni ó fi wàásù kí ó tó tẹ Krishna Pal, káfíńtà, bọmi ní oṣù Kejìlá ọdún 1800. Ní gbogbo àkókò yìí, Fuller ń rin ìrìn àjò kiri láti wá owó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó lọ sí Skọ́tíláǹdì. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1815.

Iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ Carey ni ó tẹ Adoniram Judson ará Amẹ́ríkà bọmi ní 1812. Nítorí rẹ̀ ni àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà fi dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tiwọn sílẹ̀ ní 1814. Àwọn ti Gúúsù dá dúró ní 1845, àwọn ni wọ́n sì rán Thomas Bowen, tí ó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1850.

Ẹ̀kọ́ fún Wa

Ẹni tí ó ń sọ pé bí Ọlọ́run ṣe dá òun nìyí, kí ó rántí ọ̀mùtí Soham. Ẹni tí ó ń sọ pé òun kò tíì yẹ láti tọ Jésù lọ, kí ó rántí ọmọkùnrin tí ó ń wá àmì. Kì í ṣe yíyẹ wa ni ó ṣílẹ̀kùn. Ìpè Olúwa ni. Àwa tí a sì ti wọlé, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn tí ó kù, kí a sì máa gbàdúrà fún wọn, nítorí pé Ọlọ́run nìkan ni ó lè mú kí wọ́n fẹ́.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò
1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àìlè-ríran Ísákì àti àìlè-sọ̀rọ̀-àlàáfíà àwọn arákùnrin Jósẹ́fù?
2. Bí Ọlọ́run nìkan bá lè yí ọkàn padà, èé ṣe tí a fi ń wàásù?
3. Ta ni o ti dẹ́kun láti máa pè wá sọ́dọ̀ Olúwa? Kí ni ìwọ yóò ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí?