Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti Ìjà fún Ẹ̀tọ́ Ìdìbò Obìnrin

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá gbà pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí rọrùn láti pa, ṣùgbọ́n ìtàn òfin ìdìbò ní ilẹ̀ Nàìjíríà fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fá orí àwọn obìnrin lẹ́yìn wọn. Wọ́n ń san owó orí, wọ́n ń gbé ọjà ró, wọ́n ń bọ́ ìlú, síbẹ̀ orúkọ wọn kò sí nínú ìwé àwọn tí ó lè yan aṣojú. Lára àwọn tí ó dìde láti tako àṣà yìí, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ta yọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ìyá Fẹlá. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí ó kó àwọn ọlọ́jà lọ sí ààfin Aké. Apá kan ìgbésí-ayé rẹ̀ wà tí ẹnu kì í sábà kàn, èyí ni akitiyan rẹ̀ lórí ẹni tí òfin gbà láàyè láti dìbò. Kókó tí ìtàn rẹ̀ sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ ìdìbò ni wọ́n ń pín agbára, ọjọ́ tí wọ́n ṣe òfin ìdìbò ni.

Ìbí, Ẹ̀kọ́ àti Ilé Ọkọ

Ìlú Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 1900. Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìran bàbá rẹ̀ jẹ mọ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n tú sílẹ̀ sí Sàró, tí wọ́n sì padà wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1914, ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sí ilé-ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta, èyí tí ó ti jẹ́ ti ọkùnrin nìkan tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1919 ó lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà ní ọdún 1922. Láti ìgbà náà ni ó ti pa orúkọ òyìnbó tì, tí ó ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀.

Ní ọdún 1925 ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, olùkọ́ pàtàkì tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1931, tí ó sì di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta ní ọdún 1932. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ. Ilé olùkọ́ ni ilé wọn, iṣẹ́ olùkọ́ náà ni ó sì padà gbé Fúnmiláyọ̀ dé ìdí òṣèlú.

Bí Òfin Ìdìbò Ṣe Rí Nígbà Náà

Òfin ìlú tí Gómìnà Clifford gbé kalẹ̀ ní ọdún 1922 ni ó kọ́kọ́ fàyè gba ìdìbò ní Nàìjíríà. Ìlú méjì péré ni ó kàn. Aṣojú mẹ́ta ni Èkó ní, Kàlàbá sì ní ẹyọ kan. Ọkùnrin nìkan ni ó lè dìbò, àní ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un kò dín ní £100 lọ́dún. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Herbert Macaulay kó gbogbo ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó jẹ́ ti Èkó ní ọdún 1923, díẹ̀ nínú àwọn ará ìlú ni ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Òfin Gómìnà Richards, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1947, sọ £100 di £50, ṣùgbọ́n kò ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin.

Àwọn tí ó fara mọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ní àlàyé tiwọn. Wọ́n ní ẹni tí ó ń dá owó sí àpò ìjọba ni ó yẹ kí ó sọ bí wọn yóò ṣe ná an, àti pé ẹni tí kò kàwé kò lè mọ aṣojú rere yàtọ̀ sí búburú. Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n fi àlàyé àkọ́kọ́ yìí ṣe, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ni ì bá kọ́kọ́ dìbò.

Owó Orí Láìsí Ohùn

Láti ọdún 1918 ni obìnrin ti ń san owó orí ní Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin a bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di ọmọ ọdún 16. Owó orí ìyàwó lọ́tọ̀, ti ọkọ lọ́tọ̀. Àwọn obìnrin fi ẹ̀sùn kàn pé àwọn agbowó-orí a máa tú ọmọbìnrin sí ìhòòhò láti mọ̀ bóyá ó ti tó ẹni tí ń sanwó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn aláṣẹ tún ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn ọlọ́jà. Lábẹ́ ètò ìjọba àmúnisìn, Aláké nìkan ni wọ́n kà sí Aláṣẹ Ìbílẹ̀, obìnrin kankan kò sì sí nínú ìgbìmọ̀ tí ń bá a ṣe ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni Abẹ́òkúta kan náà yìí ni Ẹfúnróyè Tinúbú ti jẹ Ìyálóde ní ọdún 1864, tí ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Nítorí náà, kì í ṣe ohun àjèjì ni àwọn obìnrin ń béèrè. Ohun tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń wá.

Ní nǹkan bí ọdún 1944, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé tí Fúnmiláyọ̀ jẹ́ olórí fún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ẹ̀kọ́ náà wúlò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó la ojú olùkọ́ pàápàá. Ẹnu àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí ni ó ti gbọ́ ohun tí ojú wọn ń rí. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ó sì gba olówó àti tálákà, ẹni tí ó kàwé àti ẹni tí kò kà. Fúnmiláyọ̀ pa aṣọ òyìnbó tì, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá. Èdè Yorùbá ni ó ń sọ níbi ìpàdé kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láti ẹnu ògbufọ̀. Àwọn òyìnbó ni ó wá ń wá ògbufọ̀ kiri.

Ohun tí ẹgbẹ́ náà béèrè kò lọ́jú pọ̀: kí ìjọba mú owó orí obìnrin kúrò, kí ó gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó, kí obìnrin sì ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ní ọdún 1947, Fúnmiláyọ̀ nìkan ni obìnrin láàárín àwọn aṣojú ẹgbẹ́ NCNC tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti tako òfin Richards. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn obìnrin tí ó lé ní 10,000 ya bo ààfin Aké, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Wọ́n tún padà lọ nínú oṣù kejìlá. Ní oṣù keje ọdún 1948, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì kúrò ní ìlú lọ sí Òṣogbo. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, ó gbé adé sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà sórí oyè ní ìparí ọdún 1950. Ìjọba mú owó orí obìnrin kúrò, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tuntun tí ó ń tukọ̀ ìlú. Fúnmiláyọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ìdìbò Ọdún 1951

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí bírí nìyí. Lábẹ́ òfin ìlú tuntun ti ọdún 1951, Fúnmiláyọ̀ du ipò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ àsíá NCNC. Òkìkí rẹ̀ ti kàn, àwọn obìnrin sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí eṣú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń san owó orí ni òfin kà sí olùdìbò. Ètò náà kò sì jẹ́ tààrà: àwọn ará ìlú yóò yan àwọn kan, àwọn wọ̀nyí yóò yan àwọn mìíràn, àwọn tí ó bá kẹ́yìn ni yóò wá yan aṣòfin. Ní ìpele ìkẹyìn ni Fúnmiláyọ̀ fìdí-rẹmi.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń san owó orí, òfin kò fún wọn ní ohùn. Nígbà tí wọ́n jà títí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ owó orí, ìwé owó orí wá di kọ́kọ́rọ́ ilé ìdìbò. Òfin náà kò sọ ní gbangba pé obìnrin kò gbọdọ̀ dìbò, síbẹ̀ ó ti ọ̀pọ̀ wọn mọ́ ìta. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn sí Fúnmiláyọ̀ gbangba pé mímú owó orí kúrò nìkan kò tó. Ohun tí ó kù ni kí ìjọba tú ìdìbò kúrò lára owó, kí ó sì so ó mọ́ ọjọ́ orí nìkan.

Láti Abẹ́òkúta dé Gbogbo Nàìjíríà

Ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta ti di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Nàìjíríà láti ọdún 1949. Ní ọdún 1953, Fúnmiláyọ̀ pe àwọn ẹgbẹ́ obìnrin láti onírúurú ẹkùn jọ sí Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò fún gbogbo àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, láìwo owó orí. Ìbéèrè yìí bọ́ sí àkókò, nítorí òfin ìdìbò kò dọ́gba rárá. Nígbà ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954, gbogbo àgbàlagbà ni ó lè dìbò ní ẹkùn Ìlà-Oòrùn. Owó orí ni wọ́n ń wò ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọkùnrin tí ó ń san owó orí nìkan ni ó lè dìbò ní ẹkùn Àríwá. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bí obìnrin sí ni ó ń sọ bóyá ènìyàn ni í ṣe lójú òfin.

Nígbà tí ó fi máa di ìdìbò ọdún 1959, gbogbo obìnrin tí ó ti tó ọmọ ọdún 21 ní Ìwọ̀-Oòrùn ti lè dìbò. Inú ọdún náà ni NCNC kọ̀ láti fa Fúnmiláyọ̀ kalẹ̀. Ó dá dúró, ó sì du ipò náà fúnra rẹ̀. Kò wọlé, ìbò ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ pín, èyí sì ṣe ẹgbẹ́ Action Group láǹfààní. NCNC lé e jáde, òun náà sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò rinlẹ̀. Àwọn kan rí ìgbésẹ̀ yìí bí àṣìṣe, wọn kò sì jẹ̀bi pátápátá. Síbẹ̀ ó fi ìṣòro kejì hàn: òfin lè fún obìnrin ní ìwé ìdìbò, kí ẹgbẹ́ òṣèlú sì má fún un ní ìwé ìdíje.

Ọjọ́ Alẹ́ Rẹ̀

Ìjọba àpapọ̀ fi oyè orílẹ̀-èdè dá a lọ́lá ní ọdún 1965, Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní ọdún 1968, ó sì gba ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin ní ọdún 1970. Ní oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya bo ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ títí ó fi jáde láyé ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, ọdún 1978.

Ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀, ní ọdún 1976, ni ìjọba ológun fún àwọn obìnrin Àríwá ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ọdún 1979, èyí tí kò bá mọ́ láyé, ni obìnrin kọ́kọ́ dìbò jákèjádò Nàìjíríà nínú ìdìbò gbogbogbòò.

Ìkádìí

Òfin ìlú ti ọdún 1999 gba ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18 láàyè láti fi orúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò, láìbéèrè owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ àríyànjiyàn kò tíì tán. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin àpapọ̀ kọ àbá tí ó fẹ́ ya àwọn àga kan sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú ilé ìgbìmọ̀. Ẹni tí ó fara mọ́ àbá náà àti ẹni tí ó takò ó lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú ìgbésí-ayé obìnrin yìí.

Olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kò gbọdọ̀ parí rẹ̀ sí ojú ọ̀nà ààfin Aké. Ariwo ọjọ́ náà dùn ún ròyìn, ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ ńlá wà ni ìlà kékeré inú òfin tí ó ń sọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ lè wọ ìwé àti ẹni tí kò lè wọ̀ ọ́. Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tí ó kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé owó orí rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ béèrè ìdí tí ó fi ń san án.