KARL TERZAGHI, OLÙKỌ́ TÍ Ó WÁDÌÍ ILẸ̀
A bí Karl Terzaghi ní ìlú Prague ní ọdún 1883. Olùkọ́ ni ní Istanbul nígbà tí ó ń fi àpótí sìgá wádìí bí ilẹ̀ ti ń ru ẹrù. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1925. Ó fi hàn pé omi inú amọ̀ ni í kọ́kọ́ ru ilé. Bí omi náà bá ń jò lọ, ilẹ̀ a rì. Ní 1952 ó kọ̀wé nípa ilẹ̀ dídì: òtútù a mú un le bí òkúta, ṣùgbọ́n bí ooru ilé bá yọ́ ọ, ògiri a là. Ó kú ní 1963.

Àwa tí ń gba Mowe lọ sí Redemption Camp kò ní ilẹ̀ dídì. Ẹrẹ̀ ni tiwa. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ilẹ̀ wò kí a tó kọ́lé: èyí tí ó le lẹ́ẹ̀rùn lè rọ̀ lójò.