Àlùfáà Ransome-Kuti: Ohùn Tó Kù Sínú Àwo

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ojo, Iba àti Okokomaiko, a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣì tọ́jú àwo orin àwọn bàbá wọn. Ṣé ó yẹ kéèyàn tún wá nǹkan rírọ̀ ní Alaba tó máa tẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ orin, kó má baà máa gbọ̀n? Ìtàn Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti lè là wá lójú.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1855. Ilé ẹ̀kọ́ CMS ló lọ, ó di olùkọ́, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin lórin l'Ékòó kí wọ́n tó fi í ṣe àlùfáà lọ́dún 1897. Orin ló fi ń wàásù, orin Yorùbá pọ́ńbélé.

Lọ́dún 1922, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin tó ju 40 lọ sínú àwo fún Zonophone. Kò tíì sí pé wọ́n ń fi máíkì gba orin sáwo nígbà náà. Ẹnu ìwo ńlá kan ni olórin máa ń dojú kọ. Ohùn rẹ̀ á mi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, awọ á mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á sì gbẹ́ ilà sára ìda. Gbígbọ̀n lásán lorin ọ̀hún! Abẹ́rẹ́ kò mọ ohùn àlùfáà yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn kọjá. Ohun tó bá ṣáà ti mì ín ló máa kọ.

Bó ṣe rí nílé wa náà nìyẹn. Ẹ gbé giramafóònù lé sípíkà lórí, ẹ ó máa gbọ́ hùùù. Bí tírélà bá kọjá lọ́nà Badagry, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ ń kù lẹ́yìn ilé, abẹ́rẹ́ lè fò, kó sì họ àwo. Orí pákó tẹ́ ẹ kàn mọ́ ògiri, tó jìnnà sí sípíkà, ló dáa jù. Àmọ́ ti ampilifáyà òde òní, ẹ má fowó ṣòfò (àwọn tó ń ta fóòmù á bínú sí wa). Kò ní abẹ́rẹ́, etí ò lè gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.

Bàbá kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1930. Ọdún 1938 ni wọ́n bí Fẹlá, ọmọ ọmọ rẹ̀, wọn ò sì fojú kanra. Ohùn bàbá wà nínú ilà àwọn àwo yẹn, àwo ìgbà náà sì máa ń fọ́ bíi tánganran.