Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì: Ìgbà Èwe Rẹ̀ àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ìgbéyàwó Rẹ̀

Bí a bá dárúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni bó ṣe kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti jà lórí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi orí oyè sílẹ̀ ní January 1949. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n sí ìyá Fẹlá olórin. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ẹni ọdún 45 kí ìjà náà tó bẹ̀rẹ̀. Irú ilé wo ló ti jáde? Irú ilé wo sì ni òun àti ọkọ rẹ̀ gbé ró? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ yóò mọ ibi tí ìgboyà rẹ̀ ti wá.

Ìdílé tó ti oko ẹrú bọ̀

October 25, 1900 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta. Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas ni wọ́n sọ ọ́. Daniel Olúméyùwá Thomas, bàbá rẹ̀, ń dáko, ó sì ń ṣòwò epo pupa àti èkùrọ́. Lucretia Phyllis Ọmọ́yẹni, ìyá rẹ̀, ń ránṣọ.

Ìtàn kan wà tí ìdílé yìí kò jẹ́ kó parẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kó ìyá ńlá wọn kan, Sarah Táíwò, lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ó tó padà wá bá àwọn ẹbí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Freetown ní Sierra Leone, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú sí, ni wọ́n ti bí bàbá tó bí Daniel Thomas. Irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní Sàró, kì í fi ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ṣeré, nítorí pé ìwé wà lára ohun tí wọ́n fi tún ayé wọn tò.

Ọmọbìnrin mẹ́fà

Ní ọdún 1908 ni wọ́n dá ilé ìwé girama Abẹ́òkúta sílẹ̀, ọmọkùnrin nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Láyé ìgbà náà, bí owó ilé ìwé bá wà nílẹ̀, orí ọmọkùnrin ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń ná an lé. Ọmọbìnrin á máa tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà títí yóò fi lọ sílé ọkọ. Nígbà tí ilé ìwé náà ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọbìnrin ní 1914, mẹ́fà péré ni wọ́n. Orúkọ ọmọ Thomas ló ṣáájú.

Ní 1919, ó lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Cheshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orin, aṣọ rírán, èdè Faransé, ìtọ́jú ilé àti bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ ni wọ́n kọ́ ọ. Ilé ìwé tí ń sọ ọmọbìnrin di ìyáàfin ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ló ti pinnu pé òun kò jẹ́ Frances mọ́. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó rí níbẹ̀ ló fà á. Fúnmiláyọ̀ ló dé sílé ní 1922, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta.

Ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé

Kí ó tó lọ sí òkè òkun ni òun àti Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì ti mọra. Ọmọ Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì ni Israel, ìyẹn àlùfáà tí orin ìyìn rẹ̀ gbajúmọ̀ nínú àwọn ìjọ Yorùbá, tó sì lọ gba orin sínú àwo ní London ní 1922. Israel fi ọdún mẹ́sàn-án ju Fúnmiláyọ̀ lọ, ó sì ti ṣáájú rẹ̀ jáde ní ilé ìwé kan náà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́ta tí òkun fi wà láàárín wọn kò já okùn náà. January 20, 1925 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe ọ̀gá àgbà ilé ìwé girama nígbà náà. Wọ́n bí ọmọbìnrin wọn, Dolúpọ̀, ní 1926. Olíkóyè, tó wá di mínísítà ètò ìlera ní 1985, tẹ̀ lé e ní December 1927. Kò sẹ́ni tí ì bá bá abiyamọ tó ní ọmọ ọwọ́ méjì wí bó bá fìdí mọ́lé. Síbẹ̀, láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ló ṣètò kíláàsì fún àwọn ọmọ kéékèèké, irú èyí tí à ń pè ní jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà. Ó tún ṣètò ẹ̀kọ́ ìwé kíkà fún àwọn obìnrin tálákà tí wọn kò rí ilé ìwé lọ.

Àlùfáà ni ọkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ìgbà náà sì rò pé ẹ̀yìn ló yẹ kí ìyàwó àlùfáà máa wà. Israel kò dá a dúró. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún ara wọn, wọ́n sì ka ara wọn sí ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ kíkó èèyàn jọ kò sì ṣàjèjì nínú ilé wọn, nítorí Israel fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1931.

Ilé tó tún jẹ́ ilé ìwé

Ní 1932, Israel di ọ̀gá àgbà ilé ìwé tí àwọn méjèèjì ti jáde, wọ́n sì padà sí Abẹ́òkúta. Wọ́n bí Fẹlá níbẹ̀ ní 1938, wọ́n sì bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní 1940. Kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn ọmọ rántí nípa ilé náà ló dùn. Títí Fẹlá fi dàgbà ló ń sọ̀rọ̀ pàṣán tí àwọn òbí rẹ̀ fi nà án, ọwọ́ ìyá kò sì fúyẹ́ ju ti bàbá lọ. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó fi ìyá rẹ̀ yangàn tó o. Wọlé Ṣóyínká, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìdílé Ransome-Kútì, náà kọ ìrántí rẹ̀ nípa agboolé yìí sínú ìwé rẹ̀, Aké, tó jáde ní 1981. Béèrè ni ó pe ìyá ilé náà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin tó kàwé tí Fúnmiláyọ̀ kó jọ ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rírán, oúnjẹ sísè àti iṣẹ́ àánú. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1944, wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé. Lẹ́nu àwọn obìnrin wọ̀nyí ló ti gbọ́ bí àwọn aláṣẹ ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn, àti bí owó orí ṣe ń pọ́n wọn lójú. Olùkọ́ wá di akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ọlọ́jà àti ọ̀mọ̀wé sì jọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́ ní ìwà ìyáàfin ní Cheshire bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá, ó sì ń fi Yorùbá bá àwọn òyìnbó aláṣẹ sọ̀rọ̀, kí àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

Israel kú ní April 1955, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ wà. Ní February 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà látojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní April 13, 1978. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín ní Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà ló ti ìsọ̀ wọn. Inú ibojì kan náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí.