Joseph Priestley: Oníwàásù Akólòlò Tí Ó Wádìí Iná Mànàmáná

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú gidigidi ní Sẹkọna lẹ́bàá Ẹdẹ, ẹni tí ó bá bọ́ ẹ̀wù náílọ̀nù lálẹ́ yóò gbọ́ bí ó ti ń ta pàrà-pàrà. Àwọn ọmọ ilé ìwé pẹ̀lú mọ eré kan: wọn a fi òòyà rọ́bà ya irun gbígbẹ, wọn a sì gbé e sún mọ́ ègé ìwé wẹ́wẹ́. Ìwé náà yóò fò mọ́ ọn, ṣùgbọ́n láìpẹ́ òmíràn nínú wọn yóò ta kúrò lára òòyà bí ẹni tí a lé. Ìwádìí irú nǹkan báyìí ni oníwàásù kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ara rẹ̀ fún.

Ní oṣù kẹta ọdún 1733 ni a bí Joseph Priestley ní Birstall, ní àgbègbè Yorkshire. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1739, arábìnrin bàbá rẹ̀ ni ó sì tọ́ ọ dàgbà. Akólòlò ni, síbẹ̀ iṣẹ́ ìwàásù ni ó yàn. Ìjọ tí ó kọ́kọ́ gbà á ní Needham Market ní ọdún 1755 kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó jẹun. Ní Nantwich, níbi tí ó ti ń kọ́ ọmọdé ní ìwé, ó ra ẹ̀rọ tí ń mú iná mànàmáná jáde nípa fífi ọwọ́ ra nǹkan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú ara wọn rí i.

Ní ọdún tí a bí i gan-an ni Charles du Fay, ará Faransé, ṣàlàyé pé oríṣi agbára iná méjì ni ó wà: èyí tí ó bá jọ ara wọn a máa lé ara wọn, èyí tí kò bá jọra a máa fa ara wọn. Ìdí nìyí tí ègé ìwé fi ń ta kúrò: bí ó bá ti fara kan òòyà, ó gba irú agbára tí ó wà lára òòyà, wọ́n sì di irú kan náà.

Ṣùgbọ́n báwo ni agbára náà ṣe ń dínkù bí nǹkan méjì bá ti ń jìnnà síra? Benjamin Franklin ti rí i pé bọ́ọ̀lù kọ́ọ̀kì kékeré tí a so mọ́ òwú, tí a sọ̀ sínú ife fàdákà tí ó ní agbára iná, kò fà mọ́ ògiri inú ife náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ife ń fà á. Priestley tún un ṣe ní ọdún 1766. Ó rántí pé Newton ti fi hàn pé bí ayé bá jẹ́ èèpo tí inú rẹ̀ ṣófo, ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀ kò ní fà sí ibì kankan. Nítorí náà ó dábàá nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1767 pé òfin kan náà ni: bí a bá sọ àlàfo di ìlọ́po méjì, agbára yóò ku ìdá mẹ́rin, bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, yóò ku ìdá mẹ́sàn-án. Àbá lásán ni nígbà náà. Coulomb ni ó wọ̀n ọ́n ní ọdún 1785, orúkọ Coulomb sì ni a fi ń pe ìwọ̀n náà títí di òní. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ó tọ́, nítorí ẹni tí ó wọn nǹkan ṣe ju ẹni tí ó rò ó lọ.

Ní ọdún 1774 ó rí afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní ọ́síjìn. Kì í ṣe ìwádìí ni ó kó o sí wàhálà. Ó sẹ́ ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan, ó sì gbè sẹ́yìn ìyípadà ìjọba ní Faransé. Èmi kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yẹn rárá. Ṣùgbọ́n ní July 14, 1791, àwọn jàǹdùkú ní Birmingham, ní orúkọ ìjọ àti ọba, dáná sun ilé ìsìn rẹ̀, wọ́n sì sun ilé rẹ̀. Ìwé tí ó ti kọ láti ọdún púpọ̀ àti àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ jóná ráúráú. Òun àti Mary ìyàwó rẹ̀ sá àsálà.

Ní ọdún 1794 wọ́n ré kọjá òkun lọ sí Northumberland, ní Pennsylvania. Ọmọ rẹ̀ Harry kú níbẹ̀ ní ọdún 1795, Mary sì tẹ̀lé e ní ọdún 1796. Ní òwúrọ̀ February 6, 1804, lórí ibùsùn àìsàn, ó ní kí a kọ àwọn àtúnṣe kan sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ bí ó ti fẹ́, ó kú ní àìpẹ́ sí i.